Ẹ sọ ìrírí yín: ooru tó ń jáde tí ásíìdì aláìlágbára bá pàdé béèsì

Olùkọ́bìnrin kẹ́místírì, Bódìjà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. WAEC ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀rọ̀ enthalpy (ìwọ̀n ooru tó ń jáde tàbí tó ń wọlé) ásíìdì tí kò lágbára ló sì máa ń mú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ lómi jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

A da 50 cm³ ethanoic acid, ásíìdì inú fínígà, tó jẹ́ 1.0 mol/dm³ pọ̀ mọ́ 50 cm³ sodium hydroxide tí tirẹ̀ náà jẹ́ 1.0 mol/dm³. Ife fóòmù la lò, torí ooru kì í tètè sá nínú rẹ̀. Tẹmómítà gòkè láti 29.0 dé 35.5 °C. Ọmọbìnrin kan tó mọ ìṣirò dáadáa ló kọ́kọ́ parí. Ó mú 100 g tí àdàpọ̀ náà wúwo tó, ó fi 4.2 (iye joule tó ń mú gíráàmù omi kan gbóná ní digírì kan) sọ ọ́ di púpọ̀, ó tún fi 6.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 2,730 J. Ibẹ̀ pé. Nígbà tó wá kàn án láti pín in, ó ní wọ́n ti kọ́ àwọn pé ethanoic acid kì í tú sí íọ́nù tán, pé bíi ìdá 0.4 nínú 100 péré ló ń tú nínú irú èyí tí a lò. Òótọ́ ni. Ló bá mú 0.05 móòlù tó wà nínú 50 cm³ ásíìdì náà, ó wá ìdá 0.4 nínú 100 rẹ̀, ó rí 0.0002, ó fi pín. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 13,650 kJ fún móòlù kan.

Mi ò fa igi lé e lórí. Mo bi í pé, "Gáàsì butane tí ìyá rẹ fi ń dáná, tí móòlù kan rẹ̀ bá jó tán, ooru mélòó ló ń mú wá?" Ó ṣí ìwé, ó rí bíi 2,880 kJ. "Ṣé ásíìdì inú fínígà wá ju gáàsì ìdáná lọ ní ìlọ́po mẹ́rin?" Ó wo ìwé rẹ̀ títí, ó ní, "Rárá, mà. Ibi tí mo ti pín in ni."

Ibẹ̀ gan-an ni. Kí béèsì tó dé ni ìdá 0.4 yẹn. Bí OH⁻, íọ́nù béèsì, bá ti wọlé, yóò gba H⁺, íọ́nù ásíìdì, tó bá nílẹ̀, wọn yóò sì di omi. Ásíìdì tó kù yóò tún tú díẹ̀ láti rọ́pò èyí tó lọ, OH⁻ yóò tún gbà á, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí ásíìdì yóò fi tán. Gbogbo 0.05 móòlù ló ṣiṣẹ́, òun la ó fi pín. Iye tó jẹ́ ni −54.6 kJ, àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀ torí pé ooru jáde. Ìwé ní −55.2 ni, −57.3 sì ni ti hydrochloric acid. Ìyàtọ̀ 2.1 yẹn ni ásíìdì náà fi já H⁺ kúrò lára rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Agbowó:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ní láàbù tiwa, gbogbo wa la kọ ọ́ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ásíìdì méjèèjì. 7 °C la rí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò purọ́. Tí ẹ bá lo ìwọ̀n tí mà lò, ti alágbára, hydrochloric acid, yóò gòkè ní 6.8, ti èkejì ní 6.6. Tẹmómítà tó jẹ́ pé digírì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fa ìlà sí kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn láéláé! Bàbá tó ń mójú tó láàbù wa ló gbé èyí tí wọ́n pín digírì rẹ̀ sí mẹ́wàá jáde. Wọ́n tún ní ká gbé ìgò méjèèjì sórí tábìlì kan náà fún ìgbà díẹ̀ ná, torí ìgò béèsì wà lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń ràn sí. Nínú oòrùn Ìbàdàn yìí, fèrèsé yẹn nìkan tó láti gbé ìyàtọ̀ tí à ń wá mì.

Ọlọ́ṣẹ, Apáta:

Àǹtí olùkọ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọṣẹ ni mo ń ṣe ní tèmi. Ọmọ mi fẹ́ ṣe irú ìdánwò yìí nílé, ó fẹ́ da kọ́stíìkì gbígbẹ, ìyẹn sodium hydroxide, sínú fínígà tààrà. Mo dá a dúró. Ẹni tó bá ti po kọ́stíìkì rí mọ̀ pé omi lásán ló ń dà á sí tí ike yóò fi gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á. Inú omi la sì máa ń da kọ́stíìkì sí, a kì í da omi lé e lórí, torí ó lè ta síni lójú. Ọmọ náà lọ wo ìwé, ó ní 44.5 kJ ni ooru yíyòrò rẹ̀ nìkan fún móòlù kan. Ká ní ó dà á bẹ́ẹ̀ ni, bíi 100 ni ìbá rí, ìbá sì rò pé ásíìdì ló ni gbogbo rẹ̀.

Olùkọ́bìnrin kẹ́místírì, Bódìjà:

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá ọlọ́ṣẹ. Òfin Hess, ti ọdún 1840, lẹ fi ọwọ́ yín mọ̀ yẹn: ẹ kó ooru ìpele kọ̀ọ̀kan jọ, ti gbogbo ọ̀nà ni yóò jáde. Mo máa ń fún àwọn ọmọ ní HCN, ásíìdì aláìlágbára mìíràn, ṣe lórí ìwé nìkan, torí májèlé ni. −11.7 ni tirẹ̀, èyí tó fi hàn pé jíjá H⁺ kúrò lára rẹ̀ gba 45.6 kJ. Ìyàtọ̀ yẹn kò fara sin fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan bi mí níkọ̀kọ̀ bóyá ti aláìlágbára ló máa ń kéré nígbà gbogbo. Rárá o. Ásíìdì aláìlágbára ni HF, síbẹ̀ ó ń mú nǹkan bíi 68 kJ jáde, ó ju ti alágbára lọ. F⁻, íọ́nù tó kù tí H⁺ bá ti lọ, kéré púpọ̀, omi sì máa ń rọ̀ mọ́ ọn gírígírí. Ooru tí ìrọ̀mọ́ yẹn ń tú sílẹ̀ ju èyí tí jíjá H⁺ ń gbà lọ. Òun náà, lórí ìwé ni kó mọ, ó léwu.

Ẹni tó bá ti ṣe ti ammonia pẹ̀lú hydrochloric acid rí, kó wá sọ iye tó rí fún wa, kó sì sọ irú ife tó lò.