Kòtò pẹpẹ ìwé mi fẹ̀ ju plywood lọ, ẹ gbà mí

Ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mo wà, mò ń kan pẹpẹ ìwé fáwọn ọmọ mi. Wọ́n ní mílímítà 18 ni plywood tí mo rà, mo wọ̀n ọ́n, 17.5 ni! Ẹnu router mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ kòtò tí pákó pẹpẹ ń wọ̀ sí, sì jẹ́ 19, ni pẹpẹ bá ń mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Mo po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi dí i. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Ṣé kí n ra ẹnu 12, kí n gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí n fi àjákù plywood yẹn gan-an ṣe òdiwọ̀n? Báwo lẹ ṣe ń de igi atọ́nà tí router ń tẹ̀ lé, tí kì í fi í yẹ̀? Kòtò ńkọ́, ṣé kó jìn tó 6 àbí 9?