Irin kílò 100 ti gòkè o!

Ẹ rántí pé mo ké gbàjarè níbí: oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi há sórí kílò 95 lórí bẹ́ńṣì (ìyẹn kí èèyàn dùbúlẹ̀ kó ti irin sókè láti àyà), ní jíìmù wa ní Sùúrùlérè. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n sinmi lẹ gbà mí. Mo dín irin kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kílò 1 péré ni mò ń fi kún un lọ́sẹ̀ dípò 5. Jórinjórin kan ní Mushin ló gé àwo irin méjì fún mi, ìdajì kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹyin kún ẹ̀wà àárọ̀. Oorun ló ṣòro jù, nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ojúẹlẹ́gba.

Lánàá, irin kan àyà mi, apá òsì ń gbọ̀n, àmọ́ ó gòkè! Inú mi dùn dẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ mi parí síbí, ẹ ṣeun gan-an.