Ta ló ní Gẹ̀ẹ́sì ò kan dókítà? Ìrírí wa nípa JAMB àti Medicine

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin, Ìbàdàn

Ní ilé lesson tí mo lọ, tíṣà Physics wa máa ń sọ pé, "Dókítà kì í fi Gẹ̀ẹ́sì gún èèyàn lábẹ́rẹ́," kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbádùn bàbá yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́nà. Ìbéèrè 180 ni UTME, ìdánwò tí JAMB ń ṣe fẹ́ni tó fẹ́ wọ yunifásítì, wákàtí méjì péré. Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó 60. Biology, Chemistry àti Physics, 40-40. Síbẹ̀, 100 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ wo ọmọ tó gba 85 nínú sáyẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó wá he 45 ní Gẹ̀ẹ́sì: 300 géérégé. Àdúgbò á kí i kú oríire, àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń du Medicine, 300 ò fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀.

Àwọn kan tún rò pé ẹni tó bá ti kàwé tán ti múra tán. Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Lọ́jọ́ ìdánwò, mouse iwájú mi ń fò kiri bí ìrẹ̀. Mo pa á tì. Kíbọ́ọ̀dù nìkan tó: A, B, C tàbí D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn. Mo ti fi kọ́ra ní kafé kan ládùúgbò wa. Ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi ń pe alámòójútó títí, aago ò sì dúró dè é. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò yín sílé o, ti orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbà kéèyàn lò. Ìdáhùn tẹ́ ò bá sì mọ̀, ẹ ṣáà mú ọ̀kan; wọn kì í yọ máàkì torí pé ẹ ṣì í.

Ìyá ọmọ kan, Òṣogbo

Ti àwa òbí ló burú jù! Bí èsì JAMB ọmọ mi ṣe jáde báyìí, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń pè é ní Dókítà, wọ́n ti ń bèèrè ọjọ́ ìnáwó. Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra ẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB, ò tíì dé o. Yunifásítì Ìbàdàn ló mú, bí wọ́n sì ṣe ṣírò ẹ̀ lọ́dún náà ni pé wọ́n fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n fi 2 pín ti post-UTME, wọ́n wá ro ó pọ̀. 320 tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jó, 40 ni nínú 100. 50 ti post-UTME ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn. Mo ní kó máa sùn dáadáa, kó yé ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù lóru torí ìwé. Wọ́n ní mò ń kẹ́ ẹ bàjẹ́.

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ ò mẹ́nu ba "runs", ìyẹn màgòmágó ìdánwò. Ọ̀rẹ́ mi kan sanwó fún ẹnì kan lórí WhatsApp tó ní ìbéèrè Medicine wà lọ́wọ́ òun. Medicine kẹ̀? Biology tí ẹni tó fẹ́ ka Agric ń ṣe náà là ń ṣe! Ohun tó fi ránṣẹ́, past question ọdún àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ilé ìwé wa. Inú bí ọ̀rẹ́ mi débi pé kò ṣí i wò mọ́. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi, mo bá ṣe é látòkèdélẹ̀.