Báwo la ṣe lè fi ọjọ́ àwòrán oko àlìkámà wé ìjì oòrùn láìtan ara wa?

Òkun o, ẹ̀yin ará. Àwa tí à ń tọpa ọ̀rọ̀ yìí ní Kàbà àti Mọ̀pà ń wá ìrànlọ́wọ́ yín.

Àwọn kan gbà pé àwòrán róbótó inú oko àlìkámà ní Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń hàn níbi tí àlìkámà ti wólẹ̀, jẹ́ ìkìlọ̀ nípa ìjì oòrùn, ìyẹn ìgbà tí ohun tí oòrùn tú jáde bá da agbára òòfà ayé rú. Wọ́n ní èyí tó yọ ní Avebury lóṣù Keje 2008 ń tọ́ka sí 21 oṣù Kejìlá 2012. Ọjọ́ náà dé, kò sí ìjì. Àmọ́ àwòrán kan ṣoṣo ò tó dá ẹjọ́. A fẹ́ fi gbogbo wọn wé àkọsílẹ̀ Kp, òǹkà tó ń sọ bí agbára òòfà ayé ṣe dàrú tó, ti GFZ, ilé ìwádìí nípa ilẹ̀ ayé ní Potsdam, nílẹ̀ Jámánì: láti 1932 ló ti wà, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, 0 dé 9, tó bá ti pé 5, ìjì ti dé nìyẹn.

Ibi tó ti le nìyí. Ìgbà tí àlìkámà bá wà lóko, oṣù Karùn-ún sí Ìkẹjọ, ni àwòrán sábà ń yọ. Ìjì sì máa ń pọ̀ jù lóṣù Kẹta àti Ìkẹsàn-án. Tí a bá fi wọ́n wé gbogbo ọdún, èsì á wọ́. Ṣé ká mú ọjọ́ àfiwé, ìyẹn ọjọ́ tí àwòrán ò yọ, láti inú oṣù kan náà, ọdún kan náà? Ọjọ́ mélòó lẹ́yìn àwòrán ló yẹ ká kà, 3 àbí 7? Bí a bá ṣe ń fi kún iye ọjọ́ yìí tó ni ìjì èyíkéyìí á ṣe máa bọ́ sínú wọn, pàápàá lọ́dún bíi 2024 tí Kp dé 9 lóṣù Karùn-ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní àkójọ tó sọ ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n rí oko náà láìsí àwòrán? Ọjọ́ tí wọ́n rí àwòrán nìkan ni àwọn tó wà lọ́wọ́ wa kọ.