Níbo la ti lè dáwó jọ fún fíìmù ẹ̀fẹ̀ olórin tá a fẹ́ fi ṣàánú?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe fíìmù olórin kékeré kan, a fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ fíìmù kan tí gbogbo wa fẹ́ràn gan-an, kò sẹ́ni tó máa gbowó nínú wa, ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó kámẹ́rà àti aṣọ, ẹgbẹ́ aláàánú la máa kó o fún. Kickstarter, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń dáwó jọ fún iṣẹ́ ọnà, ló kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, àṣé wọn ò gbà kéèyàn ṣèlérí pé òun á fowó ọ̀hún tọrẹ àánú, towó ò bá sì pé iye tẹ́ ẹ kọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan gbà. GoFundMe, tóun náà jẹ́ ìkànnì ìdáwójọ, wá ńkọ́?

Orin àwọn ẹlòmíì tá a fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 1994 pé parody (ìyẹn ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe) lè wọ abẹ́ fair use (òfin tó jẹ́ kéèyàn lè lo iṣẹ́ ẹlòmíì láìgbàyè nígbà míì) kódà tówó bá wà ńbẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ẹ̀fẹ̀ náà bá orin yẹn fúnra ẹ̀ wí, àwọn kan nínú tiwa ò sì ṣe bẹ́ẹ̀, ká sòótọ́. Ṣé ká lọ tọrọ àyè ni, àbí ká kọ orin tuntun? Ṣé ẹgbẹ́ aláàánú náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ká tó dárúkọ wọn?