Àbúrò mi fẹ́ kọ́ṣẹ́ fídíò, kò sì ní bac (ìwé ẹ̀rí ìparí girama), ibo ló ti lè bẹ̀rẹ̀?

ÀǹtíKétu
Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin ti gba BEPC, ìwé ẹ̀rí girama kékeré, bac ni kò rí mú, ó wá ní òun ò padà sílé ìwé mọ́, fídíò lòun fẹ́ kọ́. Fóònù ẹ̀ kún fún ìgbéyàwó àti gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí n má parọ́, ó mọ̀ ọ́n yà. Mo bèèrè nípa ISMA, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ fídíò ní Kútọnu, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ ní bac kó tó lè wọlé ṣe licence, oyè àkọ́kọ́. Bàbá wa ti wá ń sọ pé àwọn máa ta ilẹ̀ díẹ̀ ra kámẹ́rà fún un, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni àbí báwo?

FídíòÀjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa bẹ bàbá kí wọ́n má ta ilẹ̀ kankan! Ouando l'Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ń ya ìgbéyàwó. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, wáyà ló máa kọ́kọ́ ká, á cháájì bátìrì, á gbé iná, á máa da ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ká tó pa á rẹ́. Ó lè dà bí ìyà lójú yín, àmọ́ ìyàwó ò ní tún ìgbéyàwó ṣe torí pé káàdì yín bàjẹ́ 😂. Nǹkan tí ẹ máa wò lára ọ̀gá ni bóyá ó máa ń jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ń ṣe mọ́ńtáàjì, ìyẹn gígé fídíò àti síso ó pọ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ìyẹn pamọ́, ọmọ á lo ọdún gbọọrọ, iná gbígbé nìkan ló máa mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

OlóhùnṢábẹ̀ẹ́
Òótọ́ ni, àmọ́ ohùn ni èmi máa ní kó kọ́kọ́ kọ́. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ di kámẹ́rà mú, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbohùn ló ṣọ̀wọ́n. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ẹ sọ yẹn, ẹ̀fẹ̀, akọrin gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń kọrin lóru, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ laráàlú wá gbọ́, ẹni tó bá dúró lókèèrè pẹ̀lú fóònù, ariwo ló máa gbé délé. Kó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, kó gbé fóònù kejì tó ní máìkì sún mọ́ ibi tí orin ti ń jáde, kó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí fóònù méjèèjì gbọ́ ọ, tó bá délé, ibi tí àtẹ́wọ́ yẹn ti dún ló máa fi so ohùn mọ́ àwòrán. Nínú ètò ìgbohùn fóònù, 48 kHz tí wọ́n ń lò fún fídíò ni kó yàn. Ní ti app mọ́ńtáàjì, CapCut tó láti fi bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, DaVinci Resolve náà ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àmọ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára ló ń fẹ́.

TíṣàÀjàṣẹ́
Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ má jẹ́ kó gbàgbé bac o. Ó lè kọ́ṣẹ́ lọ́sàn-án kó sì forúkọ sílẹ̀ bíi candidat libre, ẹni tó ń ṣe ìdánwò láìsí nílé ìwé. Ìwé àdéhùn, ìwé ìbéèrè sitáàjì (iṣẹ́ ìdánrawò nílé iṣẹ́), Faransé ni gbogbo ẹ̀.

ÀǹtíKétu
Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá ń bínú díẹ̀ àmọ́ wọ́n ti ní kí ilẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ ná. Ọmọ náà ní kí n bèèrè, kí ló dé tí iná yàrá máa ń ṣẹ́jú nínú fídíò òun?

FídíòÀjàṣẹ́
Iná ìjọba wa, 50 Hz ni, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Kó ya fídíò ní àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó gbé vitesse (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kan) sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, ó máa dúró. Tí fóònù ẹ̀ ò bá gbà á láyè láti yí i, kó wá app kámẹ́rà tó ní mode manuel, èyí tó máa jẹ́ kó fúnra ẹ̀ yí ètò kámẹ́rà.