Ìdáhùn wa ní −x, ti ẹ̀yìn ìwé ò ní: ṣé ọ̀kan náà ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò. Ibí ni àwọn ọmọ 200 level tí à ń kọ́ ní Camp, l'Abẹ́òkúta, há sí (x > 0):

y″ − 4y′ + 4y = e^(2x)/x

m² − 4m + 4 = 0 fún wa ní m = 2 lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ìdáhùn nígbà tí apá ọ̀tún bá jẹ́ 0 ni (A + Bx)e^(2x), tí A àti B jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí. Ìyẹn ò le. Àbá Cx²e^(2x) ò wúlò níbí, torí 1/x wà lápá ọ̀tún. A fi y = ue^(2x) rọ́pò, ó kù u″ = 1/x, u sì di x ln x − x. Variation of parameters, tí Wronskian rẹ̀ (determinant e^(2x) àti xe^(2x) pẹ̀lú derivative wọn) jẹ́ e^(4x), náà mú −x yẹn jáde.

Ẹ̀yìn ìwé kọ x ln x·e^(2x) nìkan. Lójú tiwa, Bx ló gbé −x mì. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé èyí fún ọmọ tó ti fagi lé iṣẹ́ rẹ̀ tó tọ̀nà?